Níti Orúkọ Ìlú àti Ẹgbẹ́ Wa Lórí Ayélujára

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kò sí ẹnì kan nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ìbáà ṣe ìjòyè tàbí akọ̀wé, tí kò mọ òwe náà. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò gbà kí gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó wá kan ilẹ̀kùn fún un sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ, kìkì nítorí pé ó wà nítòsí ní ọjọ́ kẹjọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò lè gbà nínú ilé ni a ń gbà lórí ayélujára. Ìlú kan yóò pinnu láti ní ìkànnì tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé ọ̀rọ̀ àwòrán ààfin fún oṣù mẹ́ta, wọn yóò fi oṣù méjì mìíràn tún ọ̀rọ̀ ìkíni Kábíyèsí kọ, wọn yóò sì jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú lórí ẹni tí àwòrán rẹ̀ yóò ṣáájú ti ẹnì kejì. Níti orúkọ tí gbogbo ayé yóò fi máa wá ibẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a gbé iṣẹ́ náà fún ni yóò dá a yàn ní ọ̀sán ọjọ́ kan, láti inú àwọn èyí tí ó bá rí pé ẹlòmíràn kò tíì mú.

A kò dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́bi. Èyí tí ó mọ̀ ni ó ṣe. Àwọn àgbà tí ó yẹ kí wọ́n wà níbẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Àwòrán ṣeé pààrọ̀ lọ́la, ọ̀rọ̀ ìkíni ṣeé tún kọ nígbà tí ìgbìmọ̀ mìíràn bá dé, ṣùgbọ́n orúkọ tí a ti tẹ̀ sórí ìwé ẹgbẹ́, tí a ti kùn sára ògiri gbọ̀ngàn ìlú, tí àwọn ẹlòmíràn sì ti ń tọ́ka sí nínú ìwé tiwọn, kò ṣeé yí padà láìsí òfò. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ lo ojú-ìwé wa ti oṣù yìí láti bá àwọn ìjòyè àti àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bí a ti í yan irú orúkọ bẹ́ẹ̀, àti bí a ti í pa á mọ́ kí ó má baà bọ́ mọ́ni lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí orúkọ náà jẹ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ orúkọ. Nọ́ḿbà ni wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀ kò tíì tó nǹkan, ìwé kan ṣoṣo ni a kọ orúkọ àti nọ́ḿbà gbogbo wọn sí, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan tí ń jẹ́ Stanford Research Institute ní Kalifọ́níà ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀, lábẹ́ àbójútó obìnrin kan tí ń jẹ́ Elizabeth Feinler. Nígbà tí ìdílé náà gbilẹ̀, ìwé kan kò gbà á mọ́. Ní ọdún 1983 ni Paul Mockapetris gbé ètò tí a ń lò títí di òní kalẹ̀: kí a pín orúkọ sí ìpele-ìpele, kí olúkúlùkù ìpele sì ní alábòójútó tirẹ̀. Ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá kan léèrè pé ọmọ ta ni í ṣe, yóò dárúkọ ìlú rẹ̀, yóò dárúkọ àdúgbò, yóò dárúkọ agbo-ilé, kí ó tó wá kan òun fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni orúkọ ìkànnì, bí a bá kà á láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí ọwọ́ òsì. Nínú orúkọ tí ó parí sí .org.ng, ng ni ìlú, org ni àdúgbò, èyí tí ó ṣáájú wọn ni agbo-ilé tí àwa fúnra wa sọ lórúkọ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹni tí ó ní òun ra orúkọ ìkànnì kò rà á. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ó ń san. Fún orúkọ tí ó parí sí .com, ó lè san ti ọdún kan, ó sì lè san títí dé ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n kò lè san èyí tí yóò fi di tirẹ̀ títí ayé. Nígbà tí ọjọ́ bá pé tí kò sì san, ilẹ̀ a padà sọ́wọ́ onílẹ̀, onílẹ̀ a sì gbé e fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ mú owó wá, kì í bi í bí ó bá jẹ́ ọmọ ìlú náà tàbí kì í ṣe ọmọ ìlú náà. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé inú rẹ̀ ni ìpọ́njú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń jáde wá.

Wàyí o, kí a wá sórí yíyàn. Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti a dé z, àwọn nọ́ḿbà láti 0 dé 9, àti ìlà kékeré tí a fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, ni gbogbo ohun tí a gbà láyè nínú orúkọ yìí. Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kò yàtọ̀ síra. Kò sí àlàfo láàárín ọ̀rọ̀. Ìpele kan kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 63 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èdè wa ti rí ibi tí bàtà yóò ti ta wá lẹ́sẹ̀: kò sí àmì ohùn, kò sí àmì abẹ́ lẹ́tà. Ìpàdé tí ó fi ìdí ọ̀nà ìkọ̀wé wa múlẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1875 fi ẹ, ọ àti ṣ lé wa lọ́wọ́; ní ẹnu-ọ̀nà ayélujára, a ní kí a ṣí wọn bí ìgbà tí ènìyàn ṣí fìlà.

Ẹ wo ìlú Ọ̀wọ̀. Bí a bá bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀, owo ni ó kù. Ǹjẹ́ owo yìí, owó ni tàbí òwò? Ọwọ́ tí a fi ń jẹun ni, tàbí ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀? Ọ̀wọ̀ tí à ń bù fún àgbà ni, tàbí ìlú Ọlọ́wọ̀? Kò sí ohun kan nínú lẹ́tà mẹ́ta náà tí ó lè sọ fún ọmọ tí a bí sí òkè òkun pé ìlú baba rẹ̀ ni ó dé, kì í ṣe ilé àwọn ayánilówó. Ẹdẹ ńkọ́? Ede ni, ìyẹn sì lè jẹ́ èdè tí à ń sọ tàbí edé inú ọbẹ̀. Ìwó di iwo, ó sì bá ìwo ẹran àti ìwọ tí à ń pe ẹnìkejì ẹni dọ́gba. Ìlá di ẹnì kan náà pẹ̀lú ilá àti ìlà. Ifẹ̀ pàápàá, orírun gbogbo wa, kò yàtọ̀ mọ́ sí ife tí a fi ń mu omi.

Ìwòsàn èyí wà nílé, kò sì yẹ kí a lọ yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa kì í fi orúkọ ìlú sílẹ̀ ní òun nìkan bí ó bá jọ òmíràn. Wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ní Ìlá Ọ̀ràngún. Wọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí a má baà ṣì í mú fún Ìjẹ̀bú-Igbó. Orúkọ ọba, orúkọ odò, ọ̀rọ̀ kan láti inú oríkì, ni wọ́n fi ń tì í lẹ́yìn. Ẹ kọ ilaorangun láìsí àmì kankan, ẹ fún ọmọ Yorùbá yòówù kà, kò ní ka ilá sínú rẹ̀. Ẹ kọ ileife, kò ní pè é ní ife omi. Èyí ni ìmọ̀ràn wa àkọ́kọ́, òun ni ó sì wúwo jù lójú wa: kí ìlú tàbí ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ kúrú mú ọ̀rọ̀ kan láti inú oríkì tirẹ̀ kún un, dípò kí ó mú nọ́ḿbà tàbí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ń fi online, portal tàbí hub parí orúkọ ìlú baba wọn ń kọjá lára ọlá tí ó wà nínú àká wọn lọ tọrọ àkísà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ pé àmì nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a kì í dá lórúkọ níwájú ìyálé ilé, ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń kà kò sì ní jẹ́ kí a kọ wọ́n síhìn-ín. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ fi oko baba rẹ̀, tàbí ọkọ̀ tí ó fi ń kó èrò, tàbí ọkọ́ àgbẹ̀, ṣe orúkọ ìkànnì kọ́kọ́ kọ ọ́ láìsí àmì, kí ó sì gbé e fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó máa ń ṣe àwàdà. Bí ọ̀rẹ́ náà bá rẹ́rìn-ín, kí ó wá òmíràn.

Lẹ́yìn àmì, ìsopọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó kù. Nítorí pé kò sí àlàfo, fáwẹ̀lì á pàdé fáwẹ̀lì, ẹnu wa kì í sì í pe méjèèjì nígbà gbogbo. Ọwọ́ ń kọ ilé-ìwé, ẹnu ń pe iléèwé. Bí a bá wá kéde orúkọ náà nínú rédíò, ẹni kan yóò tẹ ileiwe, ẹnì kejì yóò tẹ ileewe, àwọn méjèèjì kò sì ṣìnà. Ileeko tún burú ju èyí lọ: ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò tẹ e kan dípò méjì, ẹni tí ó sì rí i lórí pátákó lè kà á sí ilé ẹ̀kọ́, tàbí ilé tí ó wà ní Èkó, tàbí ilé ẹlẹ́kọ tí a ti ń ra ẹ̀kọ mu láàárọ̀. Níbi tí irú èyí bá wà, tí ọ̀rọ̀ mìíràn kò sì rọ́pò rẹ̀, kí a gba méjèèjì, kí a sì mú kí ọ̀kan máa darí ènìyàn sí èkejì. Owó rẹ̀ kò pọ̀ tó owó ọtí tí à ń rà fún ìpàdé kan.

Ọ̀rọ̀ ṣ náà jọ èyí. Àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì kọ Oshogbo, Ilesha, Shagamu, Ogbomosho sínú àwòrán ilẹ̀ wọn. Àwa ń kọ Òṣogbo, Iléṣà, Ṣágámù, Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí yóò di osogbo, ilesa, sagamu, ogbomoso lórí ayélujára. Tiwa ni a fi ara mọ́, kò sì sí iyèméjì nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní òkè òkun, inú ìwé ìbí baba wọn, tí a ti kọ h sí, ni wọ́n ti kọ́ orúkọ ìlú wọn; kí a má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Níti àwọn ẹgbẹ́ tí ó ń pe gbogbo ìran wa káàkiri ayé, iṣẹ́ wọn tún le sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà tí àwa ń kọ ní àṣẹ ni àwọn ará Brazil ń kọ ní axé, tí àwọn ará Kúbà ń kọ ní aché, tí ọ̀pọ̀ ní Amẹ́ríkà ń kọ ní ashe. Ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, sh ni wọ́n fi ń kọ ṣ tiwa, ɛ àti ɔ sì ni ti ẹ àti ọ. Kí ẹni tí ó fẹ́ lo ọ̀rọ̀ yìí rántí pé axe lójú Òyìnbó, àáké ni. Ache sì ni ìrora. A ti rí ènìyàn pàtàkì tí ó fi àáké ṣe orúkọ láìmọ̀.

Ẹnì kan yóò ní, ǹjẹ́ kò sí ọ̀nà tí a fi lè kọ orúkọ wa pẹ̀lú àmì rẹ̀? Ó wà. Ní ọdún 1903 a kò lè ronú rẹ̀. Ní ọdún 2003 a tẹ ìlànà kan jáde tí ó ń yí àwọn lẹ́tà tí kò sí nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti Gẹ̀ẹ́sì padà sí àwọn tí ó wà níbẹ̀, tí ó sì ń fi xn-- ṣáájú wọn, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé ó ti wọ aṣọ mìíràn. Àwọn alábòójútó ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu lẹ́tà tí wọn yóò gbà. A kò kẹ́gàn ètò yìí. Ó tọ́ kí a máa béèrè fún un, kí àwọn alábòójútó má baà rò pé a kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ohun méjì ń dí wa lọ́wọ́. Èkínní ni pé ọ̀pọ̀ fóònù tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa kò rọrùn láti fi tẹ ọ́ tàbí ẹ̀, lẹ́tà tí ó ní àmì lókè tí ó sì ní nísàlẹ̀. Èkejì ni pé àwọn gbájú-ẹ̀ ti fi ètò náà ṣe ìpara. Ní ọdún 2017 ẹnì kan fi han gbogbo ayé bí a ti lè fi àwọn lẹ́tà ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà kọ orúkọ kan tí ojú kò lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára apple.com. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń wo ayélujára ti túbọ̀ ń fura, nígbà mìíràn xn-- náà ní ìhòòhò ni wọ́n ń fi han òǹkàwé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní agbára kí ó gba orúkọ alámì náà pa mọ́, ṣùgbọ́n kí ó fi aláìlámì ṣe ẹnu-ọ̀nà. Lẹ́yìn tí àlejò bá ti wọlé tán, kò sí ẹni tí ó dí wa lọ́wọ́ mọ́: kí a kọ orúkọ ìlú sórí ojú-ewé àkọ́kọ́ ní gàgàrà, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀. Ó bani nínú jẹ́ pé àwọn ìlú púpọ̀ tí ẹnu-ọ̀nà fi ipá gba àmì lọ́wọ́ wọn kò wá a mọ́ nígbà tí wọ́n wọ inú ilé tán.

Lórí gígùn orúkọ, a kò ní pẹ́. Ẹgbẹ́ kan tí ó bá so egbeidagbasokeatiisokanomoibile pọ̀ ti kọ lẹ́tà 31. Òfin gbà á, ṣùgbọ́n ènìyàn kò lè gbà á. Ìlà kékeré kò ràn án lọ́wọ́, nítorí pé kò sí bí akéde yóò ti lu agogo ìlà. Kí a mú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí ó ní ìtumọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tí ń kó lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ jọ, bí eiioi, kò sọ ọmọ lórúkọ, nọ́ḿbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fún un.

Níti ìparí orúkọ, ìyàn pọ̀. Èyí tí ó kọ́kọ́ gba .com ni symbolics.com, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1985, òun ni gbogbo ayé sì mọ̀ jù. Ng ti Nàìjíríà wọ inú ètò náà ní ọdún 1995; ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ NiRA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2005, ni alábòójútó rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni a sì ti rí .com.ng fún oníṣòwò, .org.ng fún ẹgbẹ́, àti .sch.ng fún ilé-ìwé. Ìlú àti ẹgbẹ́ tí ilé wọn wà níhìn-ín, ng ni ó yẹ wọ́n, bí ó ti jẹ́ pé bj ni ó yẹ àwọn ará Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tí wọ́n wà ní Bẹ̀nẹ̀. Bí àpò bá gbà á, kí a fi .org tàbí .com tì í lẹ́yìn. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí a lọ yá ìparí orúkọ orílẹ̀-èdè mìíràn nítorí pé ó dùn létí, láìbéèrè òfin ilé wọn. Ly, fún àpẹẹrẹ, ti Líbíà ni. Ní ọdún 2010 àwọn alábòójútó ibẹ̀ gba orúkọ vb.ly lọ́wọ́ àwọn tí ń lò ó, wọ́n ní ohun tí ó wà níbẹ̀ lòdì sí òfin àti ẹ̀sìn ilẹ̀ wọn. Ní ọdún yẹn kan náà ni a pa yu ti Yugoslavia rẹ́ pátápátá, nítorí pé orílẹ̀-èdè náà ti tú ká. Ẹni tí ó kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, àjálù onílẹ̀ yóò kàn án.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ dúró sí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín gbàgbọ́ pé orúkọ ìlú kò lè bọ́ sọ́wọ́ àlejò, pé bí ó bá tilẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ilé-ẹjọ́ yóò gbà á padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1999 ni ICANN, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998 láti máa bójú tó ètò orúkọ yìí, ti ní ìlànà ìdájọ́ fún ẹni tí a gba orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì ọjà oníṣòwò ni ìlànà náà ń dáàbò bò. Orúkọ ìlú, ní òun nìkan, kì í ṣe àmì ọjà. Ní ọdún 2002 a gbé ẹjọ́ newzealand.com dìde ní orúkọ Ọbabìnrin fún ilẹ̀ New Zealand, lòdì sí ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ó ti mú un. Wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìjọba New Zealand fi owó ra orúkọ ilẹ̀ ara wọn, iye rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù kan dọ́là ti ilẹ̀ náà. Ìgbìmọ̀ ìlú Barcelona ní Sípéènì rí barcelona.com gbà nínú ìdájọ́ ọdún 2000. Ní 2003 ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà yí ìdájọ́ padà, ó ní oníṣòwò tí ó kọ́kọ́ mú un ni ó ni ín. Ní ọdún 2012 sì ni ilé-iṣẹ́ Amazon béèrè pé kí a fi .amazon fún òun. Brazil, Peru àti àwọn orílẹ̀-èdè tí odò ńlá náà ń ṣàn gba àárín wọn kọjá kọ̀ ọ́, wọ́n jà á fún ọdún méje. Ní 2019 ICANN fọwọ́ sí i fún oníṣòwò náà. Bí ìjọba odindi orílẹ̀-èdè bá lè jìyà báyìí, kí ni ìlú wa yóò ṣe?

Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti ọdún 2015, ní apá 25, sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ mú orúkọ tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn, tàbí ti ẹgbẹ́, tàbí ti ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀, láti fi dí wọn lọ́wọ́, lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, tàbí kí ó jẹ méjèèjì. Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí ìlú òkèèrè tí ó sì mú .com kò gbọ́ fèrè ọlọ́pàá wa, bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ kì í tán kí owó agbẹjọ́rò má ju ìṣákọ́lẹ̀ ogún ọdún lọ.

Àlejò sì kọ́ ni ó ń ṣe é jù. Àìbìkítà tiwa ni. A mọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde kan tí wọ́n kó ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wọn jọ sórí ìkànnì, àwòrán àwọn olùkọ́ àtijọ́ tí púpọ̀ nínú wọn ti sùn, àti orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà láti ọdún dé ọdún. Ẹni tí ó bá wọn ṣe é fi orúkọ ara rẹ̀ àti ímeèlì ara rẹ̀ sínú ìwé alágbàtà. Ó rí iṣẹ́ sí ìlú òkèèrè, ó lọ. Ímeèlì àtijọ́ náà kú. Ìwé ìránnilétí ń dé síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń ṣí i. Nígbà tí wọn yóò fi mọ̀, ẹlòmíràn ti mú orúkọ náà, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni ó sì ń polówó lábẹ́ orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Olówó kò yọ sílẹ̀ nínú èyí: ní àkókò Kérésì ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ Microsoft gbàgbé láti san owó passport.com, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lo Hotmail kò sì rí ọ̀nà wọlé sídìí lẹ́tà wọn títí ẹnì kan tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn fi bá wọn san án.

Nítorí náà, kí orúkọ ẹgbẹ́ tàbí ti ìlú fúnra rẹ̀ wà nínú ìwé alágbàtà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ín. Kí ímeèlì tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ ti ọ́fíìsì akọ̀wé, kí ó má ṣe jẹ́ ti ènìyàn kan ṣoṣo. Kí ó sì má ṣe jẹ́ èyí tí ó gbára lé orúkọ ìkànnì yẹn gan-an, nítorí pé ọjọ́ tí orúkọ bá kú ni ìránnilétí náà yóò kú. Kí ènìyàn méjì ó kéré tán, tí wọn kò sí nínú ilé kan náà, mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń wọlé. Kí a san ti ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sì kọ ọjọ́ tí yóò pé sínú ìwé ìpàdé, níbi tí akọ̀wé tuntun yóò ti rí i. Bí ó bá ṣèèṣì kọjá lára wa, ìrètí díẹ̀ ṣì wà: lẹ́yìn tí a bá ti pa orúkọ .com rẹ́ nítorí àìsanwó, ọgbọ̀n ọjọ́ ni a fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀ láti rà á padà, ní owó tí ó ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ẹgbẹ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bá gbé orúkọ wọn lọ́wọ́ lónìí, kí wọ́n pè é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n dúpẹ́ iṣẹ́ tí ó ṣe, kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kí ó yí i sí orúkọ ẹgbẹ́ nígbà tí ó ṣì wà nítòsí.

Ohun kan tí ó kù ni ti àwọn ẹ̀ka. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan á wà nílé, á ní ẹ̀ka ní Lọ́ńdọ̀nù, á ní ní Houston, á ní ní Toronto, olúkúlùkù á sì lọ gba orúkọ ìkànnì tirẹ̀, tí ọ̀kan kò jọ èkejì, tí owó mẹ́rin ń jáde lọ́dọọdún, tí àlejò kò sì mọ èyí tí í ṣe ilé gan-an. Èyí kò pọn dandan. Ẹni tí ó bá ni agbo-ilé ni ó ni yàrá inú rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ ilé bá gba orúkọ kan, ó lè fi london, houston tàbí toronto ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú àmì ẹ̀sún kan láàárín, kí ó sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ẹ̀ka tí ó ni ín lọ́wọ́ láti máa ṣe ìtọ́jú ojú-ewé ara rẹ̀. Kò sí ìṣákọ́lẹ̀ lórí yàrá. Alágbàtà kì í gba kọ́bọ̀ kan lé e.